Ìrókò Láti Inú Hóró, Ìrókò Láti Ara Ẹ̀ka

Nígbàkúùgbà tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan bá kéde pé àwọn fẹ́ gbin igi nílẹ̀ Yorùbá, tíìkì àti mẹlíìnà ni wọ́n sábà máa ń kó wá. Éṣíà ni igi méjèèjì ti wá. Wọ́n ń tètè ga, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú níhìn-ín, irúgbìn wọn kò sì ṣòro rí. Ẹni tó bá gba inú igbó ìjọba Ọmọ kọjá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, yóò rí mẹlíìnà tó tò lọ bẹẹrẹ níbi tí igbó àdáyébá wà tẹ́lẹ̀. Ìrókò ńkọ́? Igi tí ọmọdé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn Olúrónbí kó tó fojú kàn án, igi tí káfíntà ń wá fún ilẹ̀kùn tí ikán kò ní jẹ, gígé ni à ń gé e, a kì í gbìn ín. Àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu lágbàáyé, ti fi í sí ìsọ̀rí àwọn tí ewu ń súnmọ́.

Àwọn tó wà ṣáájú wa gbìyànjú. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn onímọ̀ igbó ti ń gbin ìrókò sí oko ńláńlá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń já wọn kulẹ̀. Ohun tó fa ìjákulẹ̀ yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, mo sì máa dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀nà méjì gbòógì ló wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ìrókò lónìí. Ó lè gbin hóró. Ó sì lè gé ara ọmọ igi kan, kó mú èyí tó gé ta gbòǹgbò, kó di igi mìíràn. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà kejì yìí bí ẹni pé òun nìkan ló máa gba igi wa lọ́wọ́ ìparun, tí wọ́n ní ó yá, ó dájú. Àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run fi hóró dá, hóró ni ká fi gbìn ín. Ní tèmi, yíyá àti àìyá kọ́ ló yẹ ká fi wọn ọ̀nà méjèèjì. Ohun tó yẹ ká bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni pé: kí lo lè ṣe sí kòkòrò tó ń pa ọmọ ìrókò, kí lo sì máa fi sílẹ̀ fún igbó lẹ́yìn 100 ọdún?

Ẹ jẹ́ ká ti orí hóró bẹ̀rẹ̀. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, bíi ti ìbẹ́pẹ. Òdòdó akọ gùn, ó funfun, ó sì ń fì dirodiro lára ẹ̀ka; ti abo kúrú, ó sanra, ó sì ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ lọ bá abo. Tó bá fi máa di nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, èso ti gbó lórí abo, ó ti rọ̀, hóró wẹ́wẹ́ sì ti kún inú rẹ̀. Àdán fẹ́ràn èso yìí púpọ̀. Irú àwọn àdán ńlá tó máa ń so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lóru, tí wọ́n sì ń su hóró rẹ̀ káàkiri ọ̀nà jíjìn. Ìrókò tó dá hù láàárín oko kòkó tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, iṣẹ́ àdán ló sábà jẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó gbin ìrókò tó àdán nílẹ̀ wa.

Hóró náà kéré gan-an. Kílò kan lè gba nǹkan bí 400,000. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò fọwọ́ po ó, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì sá hóró tó kù síbi tí oòrùn kò ti ní ràn án ganrínganrín. Kò gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ pẹ́, torí pé bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni agbára ìhù rẹ̀ ń dín kù. Tó bá fọ́n ọn sórí iyanrìn tó kúnná, tó bu erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, tó sì ń wọ́n omi sí i jẹ́jẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yóò máa hù. Owó kékeré ni gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ní ìkòkò omi àti asẹ́ lè hu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìrókò ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ní ti iye àti ní ti owó, ẹ̀ka gígé kò lè bá hóró du ipò, n kò sì ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn tó bá hù tán ni wàhálà dé. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ó kéré débi pé ojú lè fò ó, ìrókò nìkan ló sì fi ṣe oúnjẹ. Orí ewé tuntun àti ṣóńṣó orí ọmọ igi ló ń yé sí. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti pa, yóò wọ inú ewé lọ, ewé yóò wú bò ó, yóò di kókó. Inú kókó yìí ni ọmọ kòkòrò yóò wà tí yóò máa fa omi ara igi mu, títí tí yóò fi dàgbà, tí kókó yóò fi la, tí yóò sì fò jáde. Kókó tó là yóò wá rà, èbu yóò gba ibẹ̀ wọlé, ṣóńṣó orí igi yóò sì kú. Ọmọ ìrókò kì í jọ̀gọ̀ nù bọ̀rọ̀; yóò tún yọ orí mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kòkòrò yóò tún padà wá. Báyìí ni ọmọ igi tó yẹ kó ti ga ju ènìyàn lọ yóò ṣe wà lójú kan, tí orí rẹ̀ á máa kú, tí á máa rú, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Oògùn tí a fín sí i lásán kì í sábà dé ọ̀dọ̀ kòkòrò náà, nítorí inú kókó ló fi ṣe ilé.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé oko tó jẹ́ ìrókò nìkan, tí oòrùn ń ràn sí gbangba, ni kòkòrò yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù. Irú oko bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ igbó ìgbà yẹn dá. Bẹ́ẹ̀ ìrókò fúnra rẹ̀ kì í ṣe igi abẹ́ òjìji. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń dàgbà, abẹ́ igbó tó ṣókùnkùn kì í jẹ́ kó ga. Ẹni tó bá gbìn ín síbi tó mọ́lẹ̀ gbáà gbìn ín fún kòkòrò. Ẹni tó bá gbìn ín síbi tó ṣókùnkùn gbìn ín kó máa ràn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nílẹ̀. Àárín méjèèjì ni àyè rẹ̀ wà: ibòji díẹ̀díẹ̀, láàárín àwọn igi mìíràn, ìrókò kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Bí ó ṣe wà nínú oko kòkó àwọn baba wa nìyẹn. Hóró tàbí ẹ̀ka, èyí tó wù kí a fi gbìn ín, a kò lè yẹ òfin yìí sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo oríṣiríṣi ọmọ ìrókò tó hù láti inú hóró, ẹ ó rí nǹkan kan. Kòkòrò kì í bá gbogbo wọn jà bákan náà. Àwọn kan kún fún kókó láti òkè délẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà láàárín wọn tí kókó wọn kò pọ̀, tí orí wọn ń gòkè lọ. Ní 1995, Joseph Cobbinah àti Michael Wagner tẹ ìwádìí jáde lórí ìrókò ní Ghana tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere: agbára láti dúró de kòkòrò náà yàtọ̀ láti igi dé igi. Kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ní bàbá tirẹ̀ àti ìyá tirẹ̀, atẹ́gùn sì lè gbé lẹ́búlẹ́bú wá láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ohun tó jẹ́ àléébù hóró lójú ẹni tó fẹ́ dá oko, pé kò mọ ohun tó máa hù jáde, òun náà ni ọrọ̀ rẹ̀. Láìsí hóró, a kì bá tí mọ̀ pé ìrókò tó lè kojú Phytolyma wà.

Ibi tí agbára hóró ti tán náà nìyí. Ká ní o rí ọmọ ìrókò kan nínú ẹgbẹ̀rún tí kòkòrò kò lè rí ṣe. O lè dúró títí yóò fi dàgbà, tí yóò fi so (bó bá jẹ́ abo), kó o sì gbin hóró rẹ̀. Àmọ́ hóró yẹn ti gba lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ tí o kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lè má jogún agbára náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ti lọ, ohun tó o sì rí kò dá ọ lójú. Ẹ̀ka gígé nìkan ló lè mú igi kan náà gan-an, láìyẹ̀ níbì kankan, kó sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún.

A kì í ṣe àjèjì sí fífi igi gbin igi. Ta ló ń fi hóró gbin ẹ̀gẹ́ lóko? Pèrègún tí a fi ń pa ààlà, akòko tí a fi ewé rẹ̀ joyè, ìyeyè tí a fi ń ṣọgbà, gbogbo wọn ni a ń gé tí a ń rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń rúwé. Ìmọ̀ yìí dára. Ó sì lè ṣi àgbẹ̀ lọ́nà tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìrókò láìyí i padà. Igi ẹ̀gẹ́ tó gbó ni àgbẹ̀ ń yàn, nítorí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀. Yóò já gbogbo ewé rẹ̀ dànù, yóò gún un mọ́ ilẹ̀, ó parí. Òdìkejì gẹ́lẹ́ ni ti ìrókò. Èyí tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni a ń gé. Ewé gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, nítorí ewé yẹn ni yóò máa se oúnjẹ fún un títí gbòǹgbò yóò fi yọ. Bí a bá já ewé tán, yóò rà. Bí a bá fi gbogbo ewé sílẹ̀, ewé ìrókò fẹ̀, omi yóò gba ojú rẹ̀ jáde tán kí gbòǹgbò tó dé, yóò sì rọ. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó gé lára ewé náà kúrò, a ó fi ìwọ̀nba sílẹ̀.

Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, èyí tí a mọ̀ sí FRIN lónìí, àwọn olùwádìí ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣiṣẹ́ lórí arère, igi pákó fífúyẹ́ tí àwọn onípákó mọ̀ dáadáa. Arère kì í so lọ́dọọdún. Ọdún tó bá so, kòkòrò a máa wọ inú hóró rẹ̀, èyí tó bá sì yè kì í pẹ́ kó tó kú. Wọ́n kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀, ó sì ta gbòǹgbò. Ìyàtọ̀ pàtàkì nìyẹn láàárín igi méjèèjì. Àìríhóró ló sún arère dé ìdí ẹ̀ka gígé. Hóró ìrókò ń wá lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹni tó bá gé ẹ̀ka ìrókò kí ó lè pọ̀ sí i lásán ń fi owó ṣòfò. Kí ó mọ ìdí tó fi ń gé e.

Roger Leakey, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí arère, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àlàyé àpótí kan jáde ní 1990 tí ẹnikẹ́ni lè kàn. A ó fi pákó kan férémù, a ó fi ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ bo gbogbo ara rẹ̀, títí kan ìsàlẹ̀, kí omi má baà jò. A ó da òkúta ńlá sí ìsàlẹ̀, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, a ó wá da iyanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìrẹ́gi sókè. Omi yóò wà láàárín òkúta nísàlẹ̀, kò ní kan ìdí ohun tí a gbìn. Ooru rẹ̀ ni yóò máa gòkè, tí ọ̀rá kò ní jẹ́ kó jáde. Inú àpótí yóò tutù, yóò lọ́rinrin lọ́sàn-án lóru. Mo fẹ́ràn àpótí yìí gan-an. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, káfíntà abúlé lè kàn án, àgbẹ̀ sì lè tọ́jú rẹ̀. Lára gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe fún igi ilẹ̀ wa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ba àpò wa mu bí èyí.

Ìrókò náà kò kọ àpótí yìí. Ní 1996, Daniel Ofori, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí igbó ilẹ̀ Ghana nítòsí Kùmásì, tẹ iṣẹ́ jáde pẹ̀lú Leakey àti àwọn mìíràn lórí fífi ẹ̀ka tó ní ewé gbin ìrókò. Wọ́n wo bí ewé ṣe yẹ kó tóbi tó, ìwọ̀n oògùn amúgbòǹgbò-yọ tí wọ́n ń pè ní IBA, àti irú ohun tí a ó fi ẹ̀ka sí. Wọ́n rí i pé ẹ̀ka ọmọ ìrókò ń ta gbòǹgbò. Bí a ṣe ń ṣe é kò le ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ìrókò tó ti dúró dáadáa ni a ó kọ́kọ́ gé lórí, kí èèhù tuntun lè yọ lára kùkùté rẹ̀. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, a ó gé àwọn èèhù yìí, a ó kó wọn sínú ọ̀rá tó tutù. Oje funfun yóò máa sun láti ojú ibi tí a gé. A lè fi omi ṣan án. A ó gé e sí kéékèèké, kí ojú kan tàbí méjì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó dín ewé kù, a ó ti ìdí rẹ̀ bọ oògùn, a ó sì gún un sínú iyanrìn àpótí. Ó lè gbà tó oṣù kan tàbí méjì. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti yọ, ọwọ́ kíkán ló ń pa púpọ̀ nínú wọn: díẹ̀díẹ̀ ni a ń ṣí ọ̀rá, kí ọmọ igi lè kọ́ láti gbé nínú atẹ́gùn gbígbẹ ayé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀ka gígé ní ìbéèrè tó le. Ṣé ó ń yá ju hóró lọ lóòótọ́? Àwọn tó ń polówó rẹ̀ máa ń tọ́ka sí máńgòrò tí a lọ́, tó ń so láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Máńgòrò yẹn ń tètè so nítorí ara igi tó ti dàgbà ni a ti gé èyí tí a lọ́ mọ́ ọn. Ìrókò kò gbà fún wa bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ tó ṣì jẹ́ ọmọdé nìkan ló ń tètè ta gbòǹgbò. Nítorí náà, ìrókò tí a fi ẹ̀ka gbìn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé bíi ti hóró, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni yóò sì lò kó tó di igi tí a lè là ní pákó. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá sọ yàtọ̀ sí èyí nítorí ó fẹ́ tà á fún yín.

Láti ibẹ̀ náà ni ìjákulẹ̀ mìíràn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn lè gun ìrókò àgbà tó wà lẹ́bàá ọjà ìlú wọn, kí wọ́n gé ẹ̀ka kan, kí wọ́n sì gbin ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ka igi àgbà kì í fẹ́ ta gbòǹgbò. Èèhù tó bá yọ láti ara kùkùté rẹ̀ lè gbà, ṣùgbọ́n a ní láti gé igi náà lulẹ̀ kí kùkùté tó wà, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè yóò gé ìrókò igbó òrìṣà lulẹ̀ torí kó lè gba ọmọ lára rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò pa igi: Ofori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi gbòǹgbò gígé dán ìrókò wò, ó sì ń hù. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ díẹ̀ jìnnà sí ìdí igi, tó gé ìwọ̀nba gbòǹgbò, lè rí èèhù gbà láti ara igi àgbà láìṣe é léṣe tó le. Fún àwọn igi tí ìtàn ìlú so mọ́, ọ̀nà tó yẹ nìyẹn.

Mo mẹ́nu ba igbó òrìṣà. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ irú igbó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí níbi tí agégẹdú kò lè wọ̀, igi àgbà, akọ àti abo, ṣì wà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Ní Brazil, níbi tí ìrókò ilẹ̀ wa kì í ti hù, gameleira branca, tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀tọ́, ni àwọn ọmọ ìran wa tó ń sin òrìṣà Ìrókò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó rékọjá òkun rí igi mìíràn fi ṣe ìrókò. Àwa tí igi gan-an wà lọ́dọ̀ wa kò ní àwáwí kankan.

Àléébù ẹ̀ka gígé tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí àwọn olùpolówó kì í sọ. Gbogbo ọmọ tí a gé láti ara igi kan jẹ́ ọ̀kan náà. Bí igi yẹn bá jẹ́ akọ, gbogbo wọn akọ ni. Ẹni tó bá rí akọ ìrókò kan tí kòkòrò kò lè pa, tó sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún, tó gbìn ín sórí ilẹ̀ tó fẹ̀, ti dá igbó tí kò ní so hóró kan láéláé. Àdán kò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Bí a bá gé e tán, ìran rẹ̀ parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ abo nìkan ni, tí kò sí akọ nítòsí, òfo náà ni. Ìbẹ́pẹ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí tipẹ́tipẹ́ lẹ́yìn ilé, a kàn gbàgbé rẹ̀ ni nígbà tí a dé igbó. Ewu kejì tún tẹ̀ lé e: kòkòrò náà ń yí padà. Lọ́jọ́ tí èyí tó lè jẹ igi yẹn bá dé, yóò jẹ gbogbo oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún un lára ọ̀kan ti ṣí i lára gbogbo wọn. Oko tí a fi hóró gbìn kì í parun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò náà wà, àmọ́ mi ò kà á sí ohun tó burú jù. Igi tó ti inú hóró wá ń ta gbòǹgbò àkọ́kọ́ tó rìn tààrà wọ ilẹ̀ lọ. Èyí tí a fi ẹ̀ka gbìn kò ní irú rẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ ló fi dúró. Bí a bá fi í sínú ọ̀rá kékeré pẹ́, gbòǹgbò á ká, ìjì sì lè gbé e nígbà tó bá dàgbà. Ẹni tó bá tètè gbìn ín sílẹ̀ ti dín ìṣòro náà kù. Hóró tí a fi sínú ọ̀rá pẹ́ jù náà ní irú ìṣòro yìí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Fún igbó tí a fẹ́ kó padà di igbó, etí odò, ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, igbó ìjọba tí a fẹ́ kó tún kún, hóró ni kí a gbìn, láti ara abo púpọ̀ tó jìnnà síra, kí a sì jẹ́ kí àdán ṣe ìyókù. Fún oko tí a fẹ́ gé igi rẹ̀ tà lọ́jọ́ iwájú, hóró ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ká gbìn ín pọ̀, ká sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún kòkòrò kó yan wọ́n fún wa. Àwọn tó bá yege ni kí a gé ní ẹ̀ka, kí a sọ di púpọ̀. Oríṣiríṣi ni kí wọ́n jẹ́, kí akọ àti abo wà nínú wọn, kí wọ́n sì wà láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti igi mìíràn, kí oòrùn má baà pọ̀ jù lórí wọn. Bí a bá fi ẹ̀ka gígé ṣáájú, láìkọ́kọ́ fi hóró wá èyí tó dára, a ń sọ igi tí a kò mọ̀ di ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá sì dúró lórí hóró nìkan, a ó máa padà sí oko tí kókó ti pa orí gbogbo igi inú rẹ̀, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Ọ̀gànwó náà ní kòkòrò tirẹ̀, Hypsipyla, tó ń gbẹ́ inú ṣóńṣó orí rẹ̀. Mo gbà pé irú ètò yìí yẹ òun náà.

Iṣẹ́ yìí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó, bí ẹ bá ń ro oko tí ẹ rí ọmọ ìrókò tó dá hù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀. Bí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ bá kún fún kókó tí tirẹ̀ mọ́, ẹ so nǹkan mọ́ ọn lára kí ẹ lè dá a mọ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìpínlẹ̀ yín tàbí àwọn ará FRIN ní Ìbàdàn, nítorí irú igi bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọ̀gbìn, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá hóró ni tàbí ẹ̀ka, igi mélòó ni ẹ ti mú un, àti ibi tí àwọn igi náà wà. Kí ẹni tó sì fẹ́ rà á béèrè gbogbo rẹ̀ kó tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, kí ó má rà á.